Ọdẹ́rìndé Akólòlò ní Ìlú Olóhùn-Kan

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kó tó padà wá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí ìnàró. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Òkè-Àfọ̀n, ọdẹ tí ẹfọ̀n mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ọdẹ tí ìkookò ń yà fún lọ́nà oko, mo sì tún jẹ́ akólòlò. Mo fi ìyẹn sí ìparí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi pamọ́. Ìtàn tí ẹlòmíràn yóò sọ tán kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó jinná lórí iná, èmi lè sọ ọ́ títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: bí ọ̀rọ̀ bá há mi lẹ́nu, ẹ má bá mi fà á yọ. Èmi ni mo lóyún rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bí i fúnra mi. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì.

Ọmọbìnrin kan ni Ìbídùn aya mi bí fún mi, orúkọ rẹ̀ ni Àyọ̀ká. Nígbà tó kọ́kọ́ ń fọhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tú jáde wọ̀ọ̀ bí àgbàdo látinú àpò tó ya. Àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ eyín tí ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀. Èmi kò kà á sí ohun tó burú. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn díẹ̀, nítorí ẹní bíni là á jọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ àdúgbò péjọ sábẹ́ igi àfọ̀n láti pàlọ́, ó sì kan ọmọ mi. Ó ní, “Àlọ́ o!” Wọ́n ní, “Àlọ̀!” Ó ní, “Àlọ́ mi dá lórí ì-ì-ì-ìjàpá.” Ìjàpá náà kò tíì jáde nílé tí gbogbo wọn ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń ké “ì-ì-ì”, tí wọ́n ń sín in jẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ṣubú lu ara wọn. Àyọ̀ká dìde, ó gbọn yanrìn ìdí rẹ̀ nù, ó wá sílé, ó sì pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ebi bá ń pa á, á di ikùn mú. Bó bá fẹ́ pè mí, á fa etí aṣọ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti bá erè sùn nínú ihò kan náà láìmọ̀, mo ti kojú ìnàkí tó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun kan kò dẹ́rù bà mí láyé tó ìdákẹ́ ọmọ yẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ìyàwó mi, ó dìde láti ìlú rẹ̀, ó wá bá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, “Dìde, ọkọ ọmọ mi. N kò bá ọ jà o. Ọkùnrin ni ọ́, ìbọn rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò lè polówó ọjà, tí kò lè kí ìyá ọkọ rẹ̀ kó já geere, ilé ta ni yóò gbé? Wá bí ọmọ yìí yóò ṣe ní ahọ́n bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn àgbà ìlú àwọn máa ń sọ ọ́ pé ọbabìnrin kan wà nínú Igbó Ìdákẹ́ tó ń fún èèyàn ní ahọ́n tó ń yọ̀ bí epo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí dé eegun, nítorí ẹni tó ń bú ahọ́n ọmọ mi, tèmi ló ń bú. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì jẹun láti àárọ̀. Mo ní, “Mo g-g-gbọ́ o, ìyá mi.” Mo sì wọlé lọ mú ìbọn.

Kò sí ẹni tó ń wọ Igbó Ìdákẹ́ láìmú ajá dání. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ibi tí o gbà wọlé láàárọ̀, igi ìrókò ti hù sí i nígbà tí o bá ń bọ̀, imú ajá nìkan ló sì mọ ibi tí ọ̀nà sá lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ láàárín wa. Ohun tí èèyàn kò bá lè sọ lójú aládùúgbò rẹ̀, ajá ni yóò fi sọ, yóò sì máa fi ohùn òkè pè é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ẹni tó kàn yóò fi gbọ́. Tèmi ni mo sọ ní Ẹ̀gàn-ò-ní-kóyin-má-dùn. Ẹ wò ó, akólòlò tó fún ajá ní irú orúkọ yẹn, ṣé kì í ṣe pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà? Mo gé e kù sí Kóyin, síbẹ̀ n kì í pè é tán lẹ́ẹ̀kan. “K-k-k-kóyin!” ni mo máa ń pè é, ajá náà sì gbà pé bí orúkọ òun ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí Ìbídùn bá pè é ní Kóyin gbọọrọ, á gbé etí kan sókè, á tún máa sùn lọ.

N kò ní sọ ti iṣu tí mo sun jẹ lọ́nà fún yín, n kò sì ní sọ ti ẹ̀gún tó wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, nítorí ẹni tó lọ sógun kì í wá ròyìn ẹ̀fọn. Ẹ ṣáà gbà pé a rìn títí a fi dé etí odò kan tó ń ṣàn láìdún. Omi ń lu òkúta, kò dún. Ewé ń já bọ́ sínú rẹ̀, kò dún. Ní òdì kejì ni ẹ̀dá kan jókòó sí, ara rẹ̀ bí ara èèyàn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n sì gùn dé orúnkún rẹ̀ bí agbádá. Ó di ojú, ó gbé kùmọ̀ onírin lé itan. Ó ní, “Èmi ni Elétí, oníbodè Ìlú Olóhùn-Kan. Mo gbọ́ ọ láti ìgbà tí o ti ń de okùn ìbọn rẹ nílé. Dá mi lóhùn kí n má baà fọ́ ọ lórí: kí ni ohun tó ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tó ń jókòó láìbéèrè àga, tí agbára ọba kò sì lè tì síta mọ́?”

Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó bi í tán. Ọ̀rọ̀ ni. Bó bá ti wọ etí, ta ni yóò lé e jáde? Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́ ńkọ́? “Ọ̀-ọ̀-ọ̀-ọ̀,” ni mo ń wí, òógùn bò mí, ojú mi wà lára kùmọ̀. Elétí gbé etí rẹ̀ sókè, ó na ọrùn, ó ní, “Má kánjú. Èèwọ̀ mi ni kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, n kò sì lè ṣe nǹkan kan títí yóò fi parí rẹ̀.” Ó sì dúró. Ẹ̀yin ará, mo ti bá ọba sọ̀rọ̀, mo ti bá wòlíì sọ̀rọ̀, mo bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó dúró dè mí bẹ́ẹ̀ rí. Iwin ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ náà pè tán, ó ní kí n kọjá, ṣùgbọ́n kí ajá dúró sí òdì odò, nítorí ohùn ajá kò ṣe é gé dọ́gba.

Ìlú tí mo wọ̀ mọ́ tónítóní. Ará ibẹ̀ rẹwà, wọ́n sì mọ àlejò í tọ́jú. Ẹni tí mo bá pàdé ń bá mi gbé ẹrù, ẹlòmíràn ń fún mi lómi. Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń fọ̀. Ohùn náà dùn, ó ń yọ̀, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́, àti ọkùnrin àti obìnrin. Bí ẹnì kan bá kí mi lẹ́yìn, n kò lè mọ̀ bóyá baálé ilé ni tàbí ọmọ tó ń ti oko bọ̀. Bí mo ṣe ń rìn lọ, ọmọ kan ṣubú lẹ́yìn ilé, ó figbe ta. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ìyá tú jáde láti ojúlé gbogbo, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ti ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, olúkúlùkù wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku obìnrin kan tó gbé e mọ́ra. Màrìwò ni àmì tó so mọ́ ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, kó lè mọ̀ ọ́n láàárín àwọn yòókù.

Mo bi í pé, “Ìyá, kí ló dé tí gbogbo yín f-f-fi sáré?”

Ó ní, “Ẹkún kan náà ni gbogbo wọn ń sun, bàbá ọdẹ. Ta ló mọ̀ bóyá tòun ni?” Ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó gbọ́ orin ìlú rẹ̀ lẹ́yìn odi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ nǹkan kan sí i.” N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bínú díẹ̀, mo sì kọjá lọ. Ahọ́n tó ń yọ̀ ni mo wá, n kò wá ìbéèrè.

Olóhùn-Kan, ọbabìnrin wọn, tí mo rò pé yóò ní ìwo lórí, ìyá àgbà kan ni, tó jókòó lórí ẹní, tó ń ran òwú. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá wá. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, ta ló fi ọ́ rẹ́rìn-ín?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdẹ ni mí, n kì í sunkún níta. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi níbi tí n kò so ìgbàdí oògùn sí, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní, “Kábíyèsí, kì í ṣe èmi, ọ-ọ-ọmọ mi ni.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Nínú ìlú mi yìí, wọn kì í sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí ó bá yàtọ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, èmi sì ti mú ìyàtọ̀ kúrò.”

Mo ní, “Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba, Kábíyèsí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, ó nà án sí mi lójú. “Wò wọ́n báyìí. Èwo ló gùn jù?”

Mo wá bi í ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sí nǹkan kan bí kò ṣe ohùn mi àtijọ́, nítorí ẹni tó bá gba ẹ̀wù tuntun a bọ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Àdó kékeré kan ni yóò rọ ọ́ sí, yóò fi ìda oyin dí i, yóò sì gbé e sínú ilé àdó. Bí mo bá fi ohùn tuntun ré odò aláìdún kọjá, ohùn àtijọ́ yóò dà sínú omi, ó parí. Kí n tó ré e kọjá, mo lè yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni n óo dá àdó mi mọ̀ láàárín gbogbo àdó ìlú. Bí mo bá ṣí ti ẹlòmíràn, mo di ará ilé wọn títí ayé. Ó fi àdó mìíràn lélẹ̀, ó ní ohùn tuntun ti Àyọ̀ká nìyí, kí n gbé e fún un mu. Mo ní rárá o, kì í ṣe ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mu ún, ẹni tó fẹ́ rọ ọmọ lágbo, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mu tèmi, ohùn mi àtijọ́ sì wọ àdó.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó dùn. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì ń já bọ́ bí omi òjò látòkè ilé. Mo sọ “kànkàn”, mo sọ “kíkankíkan”, mo sọ “gbàgede”, mo sọ “pẹ̀pẹ́yẹ”, kò sí èyí tó há. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń yà fún láti kékeré ni mo lọ ń wá káàkiri. Mo kí igi, mo kí òkúta, mo kí ẹyẹ tí kò kí mi. Mo ń rò ó pé bí mo bá délé, n óo kọ́kọ́ dúró ní ojúde ìlú, n óo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun wọn yóò fi gbẹ láti ibi tí wọ́n ti ń gbọ́. Báyìí ni mo ṣe dé etí odò pẹ̀lú àdó ọmọ mi lápò, tí inú mi ń dùn.

Kóyin wà ní òdì kejì. Kò kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo pè é, “Kóyin!” gbọọrọ, ohùn náà sì dùn létí ara mi. Ajá gbé orí sókè. Ó wò mí. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó mi bí ẹni tó rí olè. Mo ní, “Kóyin, èmi ni.” Ó gbó sí i. Mo jókòó sí bèbè, mo na ọwọ́ sí i. Ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá wá díẹ̀díẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, ó sì ń sunkún. Nígbà tó yá, ó na ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wo inú igbó tó wà lẹ́yìn mi, ó ń tún un wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Èmi ni ajá náà ń wá. Mo jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ń wá mi.

Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀nà tó sọnù nìkan. Mo ro Àyọ̀ká lórí ẹní rẹ̀, tí yóò gbọ́ tí àlejò kan ń pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu bàbá rẹ̀. Mo tún ro àdó tó wà lápò mi. Bí ó bá mu ún, tó ṣubú lẹ́yìn ilé, tó figbe ta, èmi náà yóò máa sáré wo ọrùn ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ obìnrin onímàrìwò wọ̀ mí lára. Mo dìde, Kóyin lúwẹ̀ẹ́ padà sí òdì rẹ̀ láti máa wá mi kiri nínú igbó, èmi sì padà sínú ìlú.

Olóhùn-Kan ṣì ń ran òwú. Ó ní, “Ta ló tún fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún?”

Mo ní, “Kò sí, Kábíyèsí. Ajá mi ń wá mi, mo sì wà níbẹ̀.” Mo gbé àdó Àyọ̀ká sí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Mo sì ti rí èsì ìbéèrè yín. Lóòótọ́, ìka máa ń dọ́gba nínú ẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ di ní ẹ̀ṣẹ́ kò lè ran òwú.”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òwú já lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì so ó. Ó ní, “Èmi náà ní ìyá rí. Ọ̀nà kan wà tó máa ń gbà pè mí láti inú oko. Mo ti wá a títí nínú orí mi, ohùn ara mi nìkan ni mo ń bá níbẹ̀.” Àánú rẹ̀ ṣe mí, tọkàntọkàn. Kì í ṣe ìkà. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín jù ni, tó wá fẹ́ gba gbogbo ayé sílẹ̀. Ó ní, “Máa lọ wá àdó rẹ. N kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́, n kò sì ní dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Elétí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohùn tó bá yàtọ̀ kò gbọdọ̀ gba ibodè jáde láàyè.”

Ilé àdó náà gùn lọ bí ilé ọba, àdó kún un láti ilẹ̀ dé àjà, ọ̀kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Mo dúró gọ̀ọ́. Níbo ni ọdẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀? Kò sí ipasẹ̀, kò sí ìgbẹ́ ẹran, kò sí ewé tó tẹ̀. Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé, “Ẹ má ṣí i. Ẹ mì í.” Obìnrin onímàrìwò ni, ó pọn ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Èmi náà gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá. Ohùn mi há bíi ti àkùkọ tí ọ̀fìnkìn mú. Nílé ọkọ mi àkọ́kọ́, bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọn a ní ta ló ń ha ìkòkò.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n. Ẹ̀yin ará, ìyanu ni! Gbogbo ohùn tí ìlú yẹn kọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀ láàyè. Ọ̀kan ń kùn bí oyin, ọ̀kan ń wúkọ́, òmíràn ń fi imú sọ̀rọ̀, òmíràn nípọn bí ti baálẹ̀ tó yó. Ayọ̀ àti ìbànújẹ́ dà pọ̀ nínú mi, bí ẹni tó wọ ilé tí gbogbo ẹbí ti kó kúrò, tí òórùn wọn ṣì wà níbẹ̀. Mo mi ọ̀kan, ó ha gààrà. Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sétí, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì. Mo tún mi òmíràn lábẹ́ àwọn yòókù. Kò ṣàn bí omi. Ó ń kan ara àdó láti inú, k-k-k-k, bí àlejò tí kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Mo fi eyín ya ìda oyin, mo sì gbé e mu, gbogbo rẹ̀, dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Obìnrin náà ní, “Ọmọ mi kò gbọ́ tèmi rí. Yóò bẹ̀rù.”

Mo ní, “Yóò b-b-bẹ̀rù lónìí. Lọ́la yóò m-m-mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.”

Ó wò mí, ó ṣí àdó rẹ̀, ó mu ún. Ó wá pe ọmọ náà ní orúkọ, ohùn náà há, ó ń ha bí ìkòkò lóòótọ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó tún pè é, jẹ́jẹ́. Ọmọ náà dákẹ́, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó sì fi ìka kàn án. Obìnrin náà tú màrìwò ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Mo ní kó bá mi ká lọ, ó kọ̀. Ó ní ọkọ òun ń bẹ níbẹ̀, ilé òun nìyẹn, kí wọ́n kúkú mọ ẹni tó ń gbé láàárín wọn. Ní òtítọ́, ìgboyà obìnrin yẹn ju tèmi lọ, èmi tí mò ń sá.

Mo sá títí mo fi rí odò. Elétí ti dìde dúró láàárín ọ̀nà, ó gbé kùmọ̀ sókè. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, mo gbọ́ ọ nígbà tí o ṣí i. N kò kórìíra rẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.” Ìbọn kò ràn mí, ẹsẹ̀ kò ràn mí. Mo wá rántí èèwọ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, “Ẹ j-j-j-j-j…” Elétí dá kùmọ̀ dúró lókè. Etí rẹ̀ méjèèjì dìde, ó na ọrùn, ó ń retí. “J-j-j-j-j,” ni mo ń wí, mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo mí sínú, n kò jẹ́ kí ó já. Mo bọ́ sínú omi, “j-j-j-j”, omi dé àyà mi, “j-j-j-j”, omi dé àgbọ̀n mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí n yára sọ̀rọ̀, ẹ bá mi rò ó wò bí mo bá yára níjọ́ náà! Nígbà tí ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ òdì kejì ni mo tó parí rẹ̀: “…jẹ́ kí n lọ.” Elétí ju kùmọ̀ sílẹ̀. Ó ní, “O ti lọ ná!” ó sì rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń gbọ̀n bí ewé kókò tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí igbó, mo pè, “K-k-k-kóyin!” N kò tíì pè é tán tí ajá fi fò mọ́ mi láyà, tó gbé mi ṣubú sínú ẹrẹ̀, tó ń lá mi lójú, tó ń ké bí ọmọ èèyàn. Òun ló mú mi délé.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ jáde. Ó ní, “Ọkọ ọmọ mi, ṣé o rí i gbà?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Mo r-r-rí i, ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò gbà á mọ́.” Ó pòṣé, ó yíjú sí ògiri, mo sì mọ̀ pé ẹkún ló ń gbé mì. Ìbídùn bu omi fún mi. Ọwọ́ òfo ni mo fi dé, ojú sì ń tì mí. Mo pe Àyọ̀ká, mo ní kó wá jókòó tì mí lórí ẹní. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fún un, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí mo ti ń bọ̀ fún un, pẹ̀lú gbogbo kíkólòlò ibẹ̀, n kò fo ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí ajá ti ń wo ẹ̀yìn mi, tó ń wá mi, ọmọ náà di etí aṣọ mi mú.

Ó ní, “A-a-a-a…”

Ìyá ìyàwó mi yíjú padà kíá, ó la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Ìbídùn di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Gbogbo wa dákẹ́. Adìyẹ kan wọlé, ó wò wá, ó tún jáde. Kò sí ẹni tó mira.

“A-a-ajá náà,” ni ọmọ mi wí, “ṣé ó d-d-dá yín mọ̀ nígbẹ̀yìn?”

Mo ní, “Ó d-d-dá mi mọ̀.”

Ó tún la ẹnu, ọ̀rọ̀ mìíràn sì há níbẹ̀. Ìyá ìyàwó mi rọra jókòó sí etí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀, ó ní, “Máa sọ ọ́ bọ̀, ọmọ mi. Kò síbi tí à ń kánjú lọ.”